Bí A Ṣe Yan Mẹ́mọ́rì fún Ìwé Bàbá Ní Yábàá

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn yàrá mi ní Iléṣà. Mo rò pé èmi nìkan ni mo jí. Bí mo ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá mi ni mo bá lórí àga, ó ti dé fìlà, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún, bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Dúpẹ́, ṣé ìwé ìṣirò yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà nínú báàgì mi, Bàbá."

"Mú un wá kí n fọwọ́ bà á."

Mo mú un jáde. Ó fi àtàǹpàkò pa á lójú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a bó ṣe wà, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Sọ fún wọn l'Ékòó pé a ka àmì mọ́ ọn o. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ ọ jẹ."

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ Bàbá, torí ọ̀gá ilé ìwé ni, ó sì ti na àwọn kan nínú yín rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń kó ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà jọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò sọ mọ́. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń sọ pé ilé, àwa ń sọ pé ulé. Iṣu, uṣu. Iyán, uyán. Ó ń kọ wọ́n pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, ibi tó ti gbọ́ ọ, àti ìyá àgbà tó sọ ọ́ fún un. Ìwé eléwé ogójì méjìlélógójì ló ti kọ kún, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tó wá kù kí a tẹ̀ ẹ́, ojú bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Ọ̀tún lọ pátápátá. Òsì náà ń tẹ̀lé e. Dókítà ní àìsàn yìí kì í dá ohun tó bá ti mú padà, àti pé òun ò lè sọ bóyá ọdún kan ló kù fún ojú òsì náà tàbí méjì. Láti ìgbà ìkórè tó kọjá, Bàbá ò lè ka ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń kà á fún un. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ àwa ọmọ rẹ̀: kí òun fi ojú ara òun ka ìwé òun kí ojú náà tó pa dé.

Ìdí nìyẹn tí a fi dáwó kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì, mo ti fi taipuráítà tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n taipuráítà wa kò ní àmì. Ọwọ́ ni mo ń fi kọ gbogbo ẹ̀ sí i, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá á ní, "Ṣé o fi sí i?" Màá ní mo fi sí i. Àìrí rẹ̀ ń dùn ún ju àìsàn náà lọ.

Ìṣirò tó wà nínú báàgì mi wá ńkọ́? Ìwé ìròyìn kan dé ọwọ́ wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹ́mọ́rì ni nǹkan tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú rẹ̀, pé mẹ́gà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àti pé mẹ́gà kan ń gba bíi mílíọ̀nù lẹ́tà kan. Bàbá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní a ò ní í ra mẹ́mọ́rì ní ìràkurà, ká lọ mọ bí ìwé òun ṣe pọ̀ tó. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta la fi ka ojú ìwé kan nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, a sì fi iye ojú ìwé sọ ọ́ di púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: èmi ń fi ojú kà, òun ń fi ẹnu ṣírò. Mo fẹ́ fo àwọn àmì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, ká kà á lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀, ká kà á lọ́tọ̀, torí àmì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀. Nítorí náà mẹ́gà mẹ́rin tó, ó tún ṣẹ́kù fún ìwé kejì. Bí mo ṣe jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, mo gbà pé mo ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀.

Àádọ́jọ náírà ni owó ọkọ̀ dé Jibówú. Kùrukùru bo títì títí a fi kọjá Òṣú, dírẹ́bà sì ń wọ́ rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ mọ́ wa ní Ifẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà níwájú, ó sì jẹ́ ẹni tí ẹnu ò gbé lásán.

"Àǹtí, ọjà kí lẹ ń lọ rà l'Ékòó?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Ti ọ́fíìsì yín?"

"Ti bàbá mi ni."

Ó wò mí fìrí. "Ẹni ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán ló tó sọ pé, "Bàbá tèmi, rédíò ló ní ká rà fún òun. A ò rà á títí wọ́n fi kú." A dé Ìkirè. Níbẹ̀ ló ti dúró fún wa ká ra dòdò, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà dín, tó dúdú, tí ata rẹ̀ ń ta lẹ́nu. Náírà mẹ́wàá ni ìdì kan. Mo ra mẹ́rin fún ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo ra ọ̀kan fún dírẹ́bà. Ó gbà á, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Bàbá fi ojú wọn rí ẹ̀rọ náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ojú fún un. Mo yí ojú sí fèrèsé títí a fi gba Ìbàdàn kọjá.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ la dé Jibówú. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, àkọ́bí wa, ti ń dúró dè mí. Òun ló ń gbé Sùúrùlérè láti nǹkan bí ogún ọdún, òun náà ló dá owó tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó béèrè Bàbá, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì ká tó wọkọ̀.

Ilé alájà méjì ni wọ́n ń gbé, àwọn ayálégbé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mo kí gbogbo ẹni tí mo bá lójú àtẹ̀gùn bí a ti ń kí ara wa nílé: ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn kan dáhùn, àwọn kan kàn ń wò mí. Ọ̀kan bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá mo ti mọ òun níbì kan rí. Omi, rírà ni. Mẹ́ruwà ló ń gbé e wá, ìyẹn ni pé ẹni tó ń fi ọmọlanke ti gálọ́ọ̀nù omi kiri. Náírà márùn-ún ni gálọ́ọ̀nù kan. Mo wẹ̀ bí ẹni tó ń fi omi tọrọ ẹ̀bùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ Àǹtí Dúpẹ́ ló ń pè mí, torí ó bá mi nílé ọkọ. Èyí nìkan ni Èkó kò tíì gbà lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí ìyàwó ń se oúnjẹ ọ̀sán, mo bi ọmọ wọn Títí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, léèrè bóyá uṣu ti jinná. Títí ní, "Kí ni uṣu?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣu ni. Títí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, uṣu, uṣu, ó ń sá kiri pálọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mi ò kọ́ ọ."

Lẹ́yìn oúnjẹ, a jókòó láti sọ ohun tí a máa rà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́rin náírà ni gbogbo owó wa. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ti lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Yábàá, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti lò lókè òkun kí wọ́n tó gbé e wá. Ẹ̀rọ tó ní mẹ́gà mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta. Pírintà, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde sórí ìwé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ó kù ẹgbẹ̀rún kan fún ọ̀nà.

"Mẹ́rin àti pírintà," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti ṣèlérí fún Bàbá. Ìwé ni màá gbé lé wọn lọ́wọ́."

Mo mú ìṣirò wa jáde, mo ní òun náà bá a mu. Ẹnu wa kò ì ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a gba Yábàá lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yìn ọjà Tejúoṣó. Èèyàn máa ń gba àárín àwọn alánkárá àti àwọn tó ń ta kọ́tìnì kọjá kó tó dé àtẹ̀gùn rẹ̀. Ṣínà ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ti jáde yunifásítì, kò rí iṣẹ́, ló bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó gbé àga fún wa, ó ra mínírà fún wa. Mo gbé ìwé ìṣirò wa fún un kó lè mọ̀ pé àwa kì í ṣe ará oko.

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Àǹtí, ẹ ka àmì mọ́ ọn?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ta ló kà á?"

"Èmi àti Bàbá."

Mo retí ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìṣirò náà pé, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, àfi pé nǹkan mìíràn la wọ̀n. "Àǹtí, ẹ wo tábìlì yìí. Ohun tí mo bá ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni mo máa ń gbé síbẹ̀. Tí mo bá ṣe tán, mo máa kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mo máa pa iná. Mẹ́mọ́rì ni tábìlì. Tí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ á dànù. Dísìkì tó wà nínú ẹ̀rọ ni kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ìwé Bàbá á máa gbé. Kọ́bọ́ọ̀dù yìí gba ìwé Bàbá lọ́nà ogójì."

Ojú tì mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta! A fi ìwé méjìlélógójì wọn tábìlì, a ṣebí kọ́bọ́ọ̀dù ni. Mo rántí Bàbá bó ṣe ń fi ìka ṣírò, bó ṣe ń sọ pé kí n tún ojú ìwé kan kà nítorí ó jọ òun lójú pé mo fo nǹkan kan. Mo ká ìwé náà padà sínú báàgì.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ní, "Ó dáa náà. Ṣé mẹ́rin ṣì tó?"

"Ó tó fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà ọ́fíìsì, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àmì ni Àǹtí ń sọ yìí." Ó fa dísíkẹ́ẹ̀tì kan, dísìkì pẹlẹbẹ tó ṣeé mú rìn, yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ó ní tíṣà yunifásítì kan ló ya àwọn lẹ́tà Yorùbá tó wà nínú rẹ̀, tòun ti àmì orí àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Ètò ìkọ̀wé àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ọ̀rọ̀ funfun hàn lórí dúdú, kò mọ̀ wọ́n. Ètò tuntun tó ń ṣí ojú ìwé bí fèrèsé lójú ẹ̀rọ ló lè gbé wọn. "Ètò yẹn sì máa ń gba tábìlì gan-an. Ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ má ní mo pa irọ́ kí n lè tà."

Mo ti mú ọ̀kan nínú ìwé Bàbá dání. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ onímẹ́gà mẹ́rin náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo tẹ u, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta kó tó yọjú. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ náà, inú rẹ̀ ń pariwo gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ṣínà ní ó ń sáré lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń sáré bọ̀ ni, torí tábìlì rẹ̀ kéré. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ojú ìwé náà tán, ó kàn dá dúró gbọnin. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ṣínà pa á, ó tún un tàn. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi wo aago. Ó ní, "Ẹ yọ àmì ẹ̀ kúrò nígbà náà, kẹ́ ẹ lo ètò àtijọ́. Dúpẹ́, jọ̀ọ́, ta ló ń ka àmì lónìí?"

"Bàbá ń kà á."

"Bàbá ò ríran mọ́."

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sí bó ṣe lè dá a padà. Ó dojú kọ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́ báyìí rí nínú àwa ọmọ. Ṣínà rọra dìde, ó ní kí a fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣí ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó yọ nǹkan kan nínú rẹ̀ tí kò ju rúlà kékeré tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì lọ, ó kì í bọ inú tiwa. Ó ní mẹ́gà mẹ́rin mìíràn nìyẹn, ó ti di mẹ́jọ, ká kàn dán an wò ni.

Mo tún ojú ìwé náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ń sáré, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ọwọ́ mi. Inú bíbí ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, kí n má purọ́. Ulé. Uṣu. Uyán. Ṣínà, tó dúró sẹ́yìn mi, ní, "Ẹ dúró ná. Uyán! Ìyá mi àgbà ní Ìpetu ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, mi ò gbọ́ ọ mọ́." Ó ń wo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó rí ará ilé nínú ọjà. Ó ní òun fẹ́ rí i bóyá ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà jókòó dáadáa. Ó mú ọwọ́ lọ síbi ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan kan, àwọn lẹ́tà náà sì tóbi. Ó tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tóbi sí i, títí tí uyán nìkan fi gba ojú ẹ̀rọ láti ọ̀tún dé òsì, lẹ́tà kan tó àkàrà náírà kan.

Mo dìde lórí àga. Mo fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣì ń rí i. Mo di ojú ọ̀tún mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti òsì dé, kí ayé fi ṣú bó ṣe ń ṣú fún Bàbá. Mo ṣì ń rí i. Mo rí àmì orí a. Mo ké pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá síbí. Ẹ di ojú ọ̀tún. Ẹ ṣẹ́ ti òsì díẹ̀."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé orí mi ń dà rú. Lẹ́yìn náà ó wá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó di ojú kan, ó ṣẹ́ èkejì. Àwa méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, a ń fi ojú kan wo ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ yà fún wa.

Ẹ̀gbọ́n mi bi Ṣínà léèrè pé, "Ṣé mẹ́rin ò lè mú un tóbi báyìí ni?"

"Ó lè mú un tóbi, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rí bó ṣe ń ṣe. Tí Bàbá bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tán, wọ́n á máa dúró de mẹ́ta mìíràn. Tó bá tún kú mọ́ wọn lójú ńkọ́?"

"Èló ni mẹ́gà mẹ́rin tó kù?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ààbọ̀."

Kò sí ẹni tó nílò láti ṣírò rẹ̀. Pírintà tàbí mẹ́mọ́rì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ sí bákónì, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó ń wo ọjà nísàlẹ̀. Mo fẹ́ lọ bá a, Ṣínà ní kí n fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ó sọ fún mi ní ohùn kékeré pé pírintà òun wà níbẹ̀, pé ìgbàkígbà tí a bá parí ìwé náà, ká fi dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rán ẹnikẹ́ni sí òun, òun á tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, tí a bá ti lè jẹ́ kí òun tẹ ọ̀kan fún ìyá òun.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo sọ ohun tí Ṣínà sọ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, pírintà ṣeé yá. Ojú ò ṣeé yá."

Ó jókòó. "Tí mo bá gbé ìwé lé wọn lọ́wọ́, ìwọ lo máa kà á fún wọn, àbí?"

"Èmi ni."

"Kì í ṣe ohun tí wọ́n tọrọ nìyẹn." Ó yọ owó. "Mẹ́jọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe é lásìkò."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà, ó dì mí lọ́wọ́ mú láàárín èrò bó ṣe máa ń dì mí mú nígbà tí mo wà ní kékeré tí a bá ń lọ sílé ìwé. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mi ò fa ọwọ́ mi yọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kù bí ẹ̀rọ náà ṣe máa dé Iléṣà láìfọ́. Ojú rẹ̀, tó dà bí tẹlifísọ̀n, ni ẹ̀rù rẹ̀ bà wá jù. A gbé e lọ sí Pápá Àjàó ní Muṣin, níbi tí kò sí ohun tí ọwọ́ èèyàn kò lè kàn. Káfíńtà kan wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ẹ ò jẹ́ fi aṣọ dì í?" Mo ní gbágbágbá ọ̀nà Ìbàdàn ò mọ aṣọ. Ó kan àpótí pákó fún wa láàárín wákàtí kan, ó tẹ́ fómù sínú rẹ̀, ó ṣe ọwọ́ mímú méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ̀ta náírà. Ó ní àpótí yìí á pẹ́ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Àwa ní Iléṣà, káfíńtà á ní ká padà wá lọ́sẹ̀ méjì, a ó sì padà wá lóṣù méjì.

Ní Jibówú, dírẹ́bà mìíràn ni mo bá, ti ìjẹta kọ́, èyí kò sì ní àánú. Ó wo àpótí mi. "Ẹrù yìí jókòó sí àyè èèyàn, á sanwó bí èèyàn." Ẹ̀gbọ́n mi san àádọ́jọ náírà fún un láìyọ́wó, ó sì sọ fún dírẹ́bà náà pé bàbá àwọn ló jókòó síbẹ̀, kó rọra wà á. Mo fi apá gbá àpótí náà mọ́ra láti Èkó dé Iléṣà. Ní gbogbo kòtò, mo ń sọ pẹ̀lẹ́ fún un. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi rò pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ó ń dá mi lóhùn.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n èmi ò sinmi. Aago méjì ọ̀sán ni mo wọlé. Bàbá wà lórí àga kan náà. Iná kò sí. A jẹ uyán, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi, ó béèrè Títí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé ìṣirò wa kò tọ́, pé tábìlì ni mẹ́mọ́rì, kì í ṣe àpótí ìwé, pé mẹ́jọ ni mo rà, kò sì sí ìwé tó máa jáde lọ́wọ́ kan yìí. Mo sọ fún un pé lẹ́tà gidi kọ́ ló gba mẹ́rin tó lé náà. Àmì ni.

"Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Bàbá wí. "O fẹ́ fò wọ́n tẹ́lẹ̀."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra mẹ́mọ́rì, kó má kọ́kọ́ béèrè iye ọ̀rọ̀ tó ní. Kó béèrè ẹni tó máa kà á, àti irú ojú tí onítọ̀hún fẹ́ fi kà á.

Iná dé ní aago mẹ́rin. Mo to ẹ̀rọ náà sórí tábìlì Bàbá bí Ṣínà ṣe fi hàn mí, mo ṣí ojú ìwé tí mo tẹ̀ ní Yábàá, mo mú un tóbi. Bàbá fa àga sún mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Mo ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó sún sẹ́yìn. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, kí ojú òsì lè kọjú sí i. Mo ti ń múra ohun tí mo máa fi tù ú nínú.

"Ulé," Bàbá wí.

Mo tẹ̀ ẹ́ lọ síwájú.

"Uṣu." Ó fi ìka nu ojú rẹ̀. "Uyán." Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó na ìka gígùn rẹ̀, ó fi kan ojú ẹ̀rọ.

"Dúpẹ́. Uṣẹ́ ni o fẹ́ kọ síbí, àbí kí ni? Ẹsẹ̀ abẹ́ s yìí dà?"

Mo wò ó. Kò sí níbẹ̀. Inú tó ń bí mi ní Yábàá ló jẹ́ kí n fò ó. Láti ìgbà ìkórè tó kọjá ni Bàbá kò ti bá mi wí mọ́ nítorí àmì, mo sì ti máa ń sọ fún un ní gbogbo ìgbà náà pé mo fi sí i. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ s pẹ̀lú omi lójú mi.

"Mo ti fi sí i, Bàbá."

"Kò kàn mí pé o sọ bẹ́ẹ̀," ó wí, ó sì tún fọrùn síwájú. "Yẹra fún mi, kí n wò ó."